Ọjọ́ kan péré ni mo ní ní Salvador: ṣé kí n lọ sí ilé Jorge Amado?

Tíṣà Ọmọ Olóko Kòkó:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Abéèrè kì í ṣìnà, òun ni mo ṣe wá síbí.

Lóṣù tó ń bọ̀, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ń lọ sí Salvador, ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil. Iṣẹ́ ló ń gbé ìyàwó mi lọ, ìpàdé ni yóò sì máa jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin la ó lò. Àwọn tó gbà wá lálejò ti ṣètò ọjọ́ mẹ́ta, ó wá ku ọjọ́ kan tí èmi àti ọmọ lè lọ síbi tó bá wù wá.

Ilé Jorge Amado, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Brazil, ni ọkàn mi ń fà sí. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ní abúlé kan lẹ́yìn Ifẹ̀tẹ̀dó. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìwé Amado kan tí wọ́n ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìtàn àwọn tó ń pa ara wọn nítorí ilẹ̀ kòkó ní gúúsù Bahia. Bí mo ṣe ń kà á, àfi bíi pé òórùn kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ń wọ̀ mí nímú. Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé àwa nìkan la mọ ìjà ààlà oko kòkó, pé kò sẹ́ni tó ń sunkún nítorí igi kòkó àfi bàbá mi. Ọmọ olóko kòkó ni Amado fúnra rẹ̀. Oko ni wọ́n bí i sí ní 1912, nítòsí Itabuna. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìwé rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá ìbátan.

Ìbéèrè mi rèé. Mo gbọ́ pé ibi méjì ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Salvador: ọ̀kan ní Pelourinho, ọ̀kan ní Rio Vermelho. Èwo ni kí n lọ? Mi ò gbọ́ èdè Potogí ju kí n kí ènìyàn káàárọ̀ lọ. Ṣé mi ò ní wọlé kí n jáde bí ẹni tó lọ sọ́jà tí kò ra iyọ̀? Ọmọ mi ńkọ́, ṣé kò ní sú u?

Èyí tó kù ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé Amado ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe orin, Dorival Caymmi ni wọ́n ń pè é, pé àwọn méjèèjì jẹ oyè Yorùbá, àti pé Oníkòyí ni oyè olórin yẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé Oníkòyí tí a mọ̀ náà ni?

Ará Lisbon:

Tíṣà, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Mo dé ibẹ̀ ní 2017 nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

Ti Pelourinho jẹ́ ibi tí wọ́n kó ìwé àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sí, láti 1987, nígbà tó ṣì wà láyé. Ilé aláwọ̀ búlúù ni, ojúde tó lórúkọ ló dojú kọ. Ẹ lè yà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú yín lọ wo ìlú àtijọ́. Gbogbo àlejò ni wọ́n ń mú lọ síbẹ̀. Ti Rio Vermelho ni ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Zélia Gattai, gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nọ́ńbà 33 ni, ní òpópónà Alagoinhas. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ti ilé náà pa kí wọ́n tó ṣí i fún àwọn èrò ní 2014.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ni ẹ ní, Rio Vermelho ni kí ẹ lọ. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn, orí òkè ni. Èmi kánjú, mi ò lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ó sì dùn mí títí di òní. Ti oyè yẹn, mi ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ló lè dáhùn.

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ:

Tíṣà, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀.

Ọdún keje mi rèé ní Salvador. Aṣọ ni mò ń tà níbí: àdìrẹ, aṣọ òkè, aṣọ funfun. Mo tún ń ta ọṣẹ dúdú, obì àti òrógbó. Àwọn ìyálórìṣà àti àwọn ọmọ ilé òrìṣà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ọmọ Ìkòyí-Ilé sì ni mí, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo ka ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn, mo gbé ife tíì mi kalẹ̀.

Òótọ́ ni. Oníkòyí ni Caymmi. Oníkòyí tí a mọ̀ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi fúnra mi ṣe gbọ́ ọ. Ìyá àgbàlagbà kan wà tó máa ń ra aṣọ funfun lọ́wọ́ mi nítorí ọjọ́ Jimọ̀, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Òrìṣà Ńlá níbí. Ní ọjọ́ kan ó ń ka owó fún mi, ó béèrè ìlú tí mo ti wá. Nàìjíríà, mo dáhùn. Ó ní òun mọ̀yẹn, ìlú wo? Mo ní Ìkòyí. Ó dá owó kíkà dúró. Ó wo ojú mi. Ó ní, “Onikoyi? Caymmi!” Èmi rò pé irú aṣọ kan ló ń béèrè, mo tiẹ̀ ti ń nawọ́ sí orí àtẹ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní rárá, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó jọ lọ síbì kan.

Ilé Rio Vermelho yẹn ni. Ọjọ́ Ajé la kọ́kọ́ lọ, ilẹ̀kùn tì gbọn-in. Tíṣà, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé o. Ọjọ́bọ̀ la padà lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ dákẹ́, àwa àti ẹlòmíì mẹ́ta péré la wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ààfin lẹ ń lọ. Ilé tó dùbúlẹ̀ sínú ọgbà ni, igi ló fi gbogbo ara ṣíji bò ó. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń ṣe fíìmù ló ra ẹ̀tọ́ ìwé Amado kan, ìyẹn ìtàn Gabriela, owó yẹn ló sì fi ra ilé. Ìyá yẹn fi ọwọ́ kan ògiri, ó ní, “Obìnrin kan ló kọ́lé yìí, inú ìwé ló sì ń gbé.” Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn.

Nínú ọgbà ni ẹ ó ti pàdé Èṣù. Ère rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ilé. Ìyá tẹ̀ ba díẹ̀, èmi náà sì la ẹnu láti kí i lọ́nà tí bàbá mi àgbà máa ń gbà kí i: “Láaróyè!” Ẹnu wa pàdé. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀ẹ̀kan náà, èmi láti Ìkòyí-Ilé, òun tí ìyá ìyá ìyá rẹ̀ kò tíì fojú kan Áfíríkà. Níbí, bí wọ́n ṣe ń kí Èṣù nìyẹn lójoojúmọ́, wọn ò sọ ọ́ nù. Ara mi bù máṣọ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ kí n tó lè wọlé.

Nínú ilé, ọmọ yín kò ní sú. Ẹ mú un lọ wo àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Amado fẹ́ràn ọ̀pọ̀lọ́, gbogbo ibi tó bá rìnrìn àjò dé ló ti ń kó ère wọn bọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ sì ń kó tiwọn wá fún un. Ère amọ̀, ère igi, àwọn ẹni mímọ́ Àgùdà, àwọn òrìṣà, gbogbo wọn ló jọ ń gbé. Àwòrán Carybé wà lára táìlì. Carybé yẹn, Argentina ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá rí bó ṣe ń ya ìyálórìṣà tó ń jó yóò búra pé ọmọ ilé ni. Ilé ìdáná wà pẹ̀lú, wọ́n ń fi fídíò oúnjẹ hàn níbẹ̀. Ẹ ó rí epo pupa, ilá, edé. Ebi á pa yín. Ẹ fara dà á, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni ti Zélia. Gbogbo ènìyàn ń sáré lọ wo ẹ̀rọ tàípù ọkọ, wọn ò rántí pé ìyàwó ló ń jókòó tún gbogbo ohun tí ọkọ kọ tẹ̀ ní mímọ́, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Òun ló tún ń ya fọ́tò. Ọmọ ọdún 63 ni nígbà tí ìwé tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1979, lẹ́yìn náà kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò yìí lẹ́yìn tí mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, mo dúró níwájú fọ́tò rẹ̀, mo kí i.

Ẹ ó tún gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Amado àti èyí tí òun náà kọ. Potogí ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó lé yín jáde. Ẹ jókòó, ẹ tẹ́tí sí ohùn, orúkọ ni ẹ ó kọ́kọ́ máa gbọ́: Xangô, Oxóssi, Iemanjá. Ẹ óò mọ̀ pé ilé yín lẹ wà.

Ó wá kan ìdí igi máńgòrò. Nígbà tí Amado kú ní oṣù kẹjọ 2001, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé ọmọ ọdún 89, wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sí ìdí igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà. Zélia tẹ̀ lé e ní 2008, ibẹ̀ náà ni wọ́n da tirẹ̀ sí. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi náà, ibẹ̀ ni tọkọtaya máa ń jókòó sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ pé wọ́n sun òkú, àyà mi já. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, mo rántí pé inú iyàrá ni wọ́n sin bàbá mi àgbà sí ní Ìkòyí, pé orí ibojì rẹ̀ la máa ń tẹ́ ẹní sí nígbà tí a wà ní kékeré. Ẹni tó kú tí kò kúrò nílé, a mọ̀ ọ́n.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ìyá ti sọ ọ̀rọ̀ oyè fún mi. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tó ń jẹ́ Opô Afonjá, Ọ̀pó Afọ̀njá lẹ́nu tiwa. Ṣàngó ló ni ibẹ̀. Ìyá Aninha ló dá a sílẹ̀ ní 1910. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, Ìyá Aninha gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ fún Ṣàngó, ìjòyè méjìlá, mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́fà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó jókòó tì í tí wọ́n jọ ṣe é ni babaláwo kan tó ń jẹ́ Martiniano do Bonfim. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni Martiniano, bàbá rẹ̀ sì mú un lọ sí Èkó ní 1875, ọdún 1886 ló padà. Èkó ló ti kọ́ ìwé, ó gbọ́ Yorùbá bí ẹ̀yin àti èmi. Ohun tó kó bọ̀ láti ilé ló fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àwọn oyè náà. Ọ̀tún: Abíọ́dún, Àrẹ, Arolú, Tẹ̀là, Ọ̀dọ̀fin, Kakaǹfò. Òsì: Ọ̀nà Ṣokùn, Arẹsà, Ẹlẹ́rìn, Oníkòyí, Olúgbọ́n, Ṣọ̀run. Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ kà á jáde. Ọ̀yọ́ Ilé ni! Ìlú tó ti di igbó, tí a kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀ mọ́ ju àwókù lọ, àwọn ìjòyè rẹ̀ ń jókòó ní Salvador. Nígbà tó dé orí Arẹsà àti Olúgbọ́n, ẹnu mi ò gbà mí mọ́, mo ní:

“Láyé Olúgbọ́n, mo bọ́rùn méje,
Láyé Arẹsà, mo bọ́rùn mẹ́fà…”

Ó yanu. Ó mọ orúkọ, kò gbọ́ orin ìdí orúkọ rí. Ó fa fóònù yọ, ó ní kí n tún un sọ, ìgbà mẹ́ta ni mo sì tún un sọ, òun náà ń sọ ọ́ tẹ̀ lé mi. Kò yé e pé aṣọ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìborùn ni, ó fọwọ́ kan aṣọ funfun èjìká rẹ̀.

Arolú ni Amado. Carybé wà ní ti Ọ̀nà Ṣokùn. Caymmi ni Oníkòyí.

Mo béèrè irú ènìyàn tó jẹ́. Ó ní Salvador ni wọ́n ti bí i ní 1914, ohùn rẹ̀ wúwo bí ìlù ńlá, gìtá nìkan ló ń ta sí i. Kì í kánjú ṣe orin. Ó gbé ayé ọdún 94, orin rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bí 100 lọ. Òkun ló ń kọrin nípa rẹ̀, àti àwọn apẹja, àti àwọn ìyàwó tó ń dúró dè wọ́n létí omi. Òun àti Amado jọ ṣe orin kan lórí ẹni tó bá òkun lọ. Inú ìwé tí Amado kọ ní 1936 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde. Ìyá kọ ọ́ fún mi lábẹ́ máńgòrò yẹn, ohùn rẹ̀ kò ga rárá, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nígbà tó parí, ó ní ó kù sọ́wọ́ tèmi. Mo bá ki Oníkòyí fún un. Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ní í fi í gba ọgbẹ́. Ọdẹ ni bàbá mi, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti kì í gbẹ̀yìn.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé oyè yẹn kò bá a mu. Ológun ni Oníkòyí, olórin ni eléyìí. Mo rò ó títí di alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ kékeré wọ inú òkun lóru, tó mọ̀ pé bàbá òun lọ kò bọ̀, iwájú ni òun náà fi ń gba ọfà. Àwọn yẹn ni Caymmi lo gbogbo ayé rẹ̀ fún. Èmi ti gbà pé ó tọ́ sí i. Tí wọ́n bá bi mí ní Ìkòyí, n ó sọ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá jáde, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun Rio Vermelho. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀bùn lọ fún Yemọja ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún, ilé rẹ̀ kékeré wà níbẹ̀. Ẹ ra àkàrà ní Largo de Santana. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á, wọ́n á ki edé sí i nínú. “Acarajé” ni wọ́n ń pè é, ẹ kàn gbọ́ ọ bó ṣe rí: àkàrà jẹ. Tí wọ́n bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ ata, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni fún ara yín, rárá fún ọmọ.

Bàbá Ọlọ́rundáre:

Ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun fún àlàyé rẹ. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba mí níbi tí o ti ní ẹ kí Èṣù, Tíṣà sì ń mú ọmọ kékeré lọ. Ẹni tó bá jẹ́ onígbàgbọ́, kí ló ń wá nílé tí Èṣù ń ṣọ́? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, àgbà ló ń sọ̀rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ:

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ẹ má bínú sí mi. Ìjọ Onítẹ̀bọmi l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbí lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Èmi náà kà á nínú Bíbélì wa pé Èṣù ni orúkọ tí wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bàbá mi àgbà tó ń kí i ní oríta kò mọ ọ̀tá Ọlọ́run kankan. Ìránṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run ló mọ̀ ọ́n sí, oníbodè ọ̀nà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò lè kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí tí òǹkọ̀wé fi gbé e sí ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ilé ọ̀rọ̀ ni.

Tíṣà kò ní láti kí i. Kí ó kàn gba ibẹ̀ kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ bí a ṣe ń gba iwájú àgbà kọjá.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí Bàbá gbọ́. Wọ́n ti rí ìyà jẹ níbí nítorí òrìṣà. Ọlọ́pàá máa ń ya wọ ilé wọn, wọ́n á gba ìlù, wọ́n á kó àwọn ìyá àgbà lọ sí àgọ́. Amado fojú rí i. Nígbà tó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lórúkọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, òun ló kọ àbá òmìnira ẹ̀sìn tó wọ inú òfin ilẹ̀ Brazil ní 1946. Òun fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé onígbàgbọ́ lòun. Àti àwọn ọlọ́rìṣà, àti àwọn ìjọ tiwa tí Àgùdà ń lé kiri nígbà náà, gbogbo wa la jọ jẹ nínú ẹ̀.

Akọ̀wé Ìtàn:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, kí Tíṣà má baà rò pé ọ̀ràn náà parí ní 1946. Òfin wà lórí ìwé, síbẹ̀ ní Bahia, ilé òrìṣà tó bá fẹ́ lu ìlù ṣì gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọdún 1976 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó fagi lé ìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Amado àti Caymmi ti jẹ oyè tán kí ilé tó fi wọ́n joyè tó lè lu ìlù láìgba ìyọ̀ǹda.

Amado mọ bí ìwé ṣe ń jóná náà. Ní 1937, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ jọ ní gbangba ní Salvador, wọ́n sọ iná sí i. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i tí ìwé tò lọ rẹrẹẹrẹ nínú ilé yẹn, ẹ máa rántí.

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ:

O ṣeun, ọmọ ìyá mi. Mi ò mọ ti 1976 yẹn. N ó bi ìyá nígbà tó bá wá ra aṣọ.

Bàbá Ọlọ́rundáre:

Mo ti gbọ́. Kí Tíṣà mú ọmọ lọ. Kí wọ́n ya fọ́tò igi máńgòrò náà fún mi.

Tíṣà Ọmọ Olóko Kòkó:

Ẹ̀yin ará, a ti dé. Ilé la wà báyìí. Fọ́tò igi máńgòrò rèé, Bàbá, mo ti fi ṣọwọ́ sí yín.

A lo wákàtí mẹ́ta níbẹ̀. Níwájú Èṣù, mo mú ọmọ lọ́wọ́, a gbà á kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Bí a ti kọjá tán ló yíjú padà, ó ní, “Ẹ káàsán, sà.” Mi ò sọ nǹkan kan.

Ti àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, àǹtí mi, ẹ ò purọ́. Ó ń kà wọ́n, ó ń ṣì í kà, ó ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ dúró lọ́dọ̀ Màmá Zélia. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín, torí ǹ bá ti kọjá lára fọ́tò yẹn.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ni pé mo ti túmọ̀ ojú ìwé kan nínú ìwé kòkó yẹn sí Yorùbá fúnra mi, ọdún bíi mẹ́fà sẹ́yìn, nínú ìwé àjákọ. Mo mú un dání. Nígbà tí a dé ìdí máńgòrò, ọmọ mi béèrè pé, “Dádì, ṣé inú ilẹ̀ yìí ni wọ́n wà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó, mo ṣí ìwé, mo sì kà á sókè. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ nínú ọgbà dá ìgbálẹ̀ dúró, ó fara ti igi, ó ń gbọ́. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, àfi “kòkó”, torí ó sún mọ́ tiwọn. Nígbà tí mo parí, ó nàka sílẹ̀, ó ní “Jorge”, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó mi orí. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún 19 wá, kò sí ìgbà tí wọ́n gbọ́ mi tó báyẹn.

Bàbá mi kú ní 2009. Òun ni mo ń rò nígbà tí mò ń kà á.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun, a jẹ àkàrà méjì méjì. Ọmọ gba ata, ó sì jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú omi lójú. Ó ní àkàrà yìí tóbi ju ti ìyá alákàrà àdúgbò wa lọ, pé kí n má sọ fún wọn.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, a wá yín lọ sójà ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní ẹ rìnrìn àjò lọ sí São Paulo. Ọmọ mi ń bẹ̀ yín: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki Oníkòyí sínú fóònù kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ó fẹ́ mọ ìyókù rẹ̀ lẹ́yìn ọfà.

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ:

Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o. Ó dùn mí pé a ò pàdé. Mo ti fi í ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ìṣẹ́jú méje ni. Ní ìparí, ẹ ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń gbè é lẹ́yìn mi. Ìyá ni.